Àpò ajílẹ̀ méjì àbí ọ̀nà oko: èwo ni ká gbà lọ́wọ́ ìjọba ní Èkìtì?

Alágbàdo Ìkọ̀lé béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, ẹ bá wa dá sí i o. Wọ́n ní kí àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa kó ara wọn jọ ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún ajílẹ̀ ẹ̀dínwó àti irúgbìn àgbàdo. Àpò ajílẹ̀ méjì ni wọ́n ń dárúkọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwa méjìdínlógún là ń rò ó, ilé sì ti pín sí méjì. Àwọn kan ní kí ìjọba máa gbé ajílẹ̀ rẹ̀ lọ, ọ̀nà oko ni kó wá ṣe, torí irè tí kò bá rí ọ̀nà dé ọjà, jíjẹrà ló kù. Àwọn yòókù ní ohun tó bá bọ́ síni lọ́wọ́ là ń jẹ. Ṣé àpò méjì tiẹ̀ tó nǹkan fún àgbàdo? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, èwo lẹ máa gbà?

———

Agíríìkì Ọ̀yẹ́:

Ẹ forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Àpò kan jẹ́ kílò 50. Bí wọ́n bá kọ NPK 15-15-15 sí i lára, ìtumọ̀ 15 àkọ́kọ́ ni pé ìdá 15 nínú 100 rẹ̀ jẹ́ náítírójìn, èyí tó ń mú ewé dúdú, tó ń mú igi àgbàdo sanra. Kílò méje ààbọ̀ péré nìyẹn nínú àpò kan. Yúríà ní tirẹ̀ jẹ́ 46 nínú 100, kílò 23 ló wà nínú àpò rẹ̀. Hẹ́kítà àgbàdo kan tí a bá fẹ́ kó so gidi a máa gba tó kílò 100 náítírójìn. Ẹ jẹ́ ká gé e sí éékà, torí éékà ni ọ̀pọ̀ wa fi ń sọ̀rọ̀ oko: éékà kan fẹ́ NPK àpò méjì ààbọ̀ àti yúríà àpò kan. Bí NPK bá ni àpò méjì yín, kò tó éékà kan tán. Ẹni tó gbin éékà mẹ́ta, tó wá fọ́n àpò méjì ká gbogbo rẹ̀, kò fún àgbàdo lóúnjẹ, iyọ̀ ló fi tọ́ ọ lẹ́nu wò.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ wọn ibi tí àpò méjì lè kárí, nǹkan bíi mẹ́rin nínú márùn-ún éékà, kí ẹ sì ṣe ibẹ̀ bó ṣe yẹ. Tó bá jẹ́ igi kan lẹ gbìn sójú kan, sẹ̀ǹtímítà 75 láti ìlà sí ìlà, 25 láti igi sí igi, ìdérí ìgò mínírà kan tó kún ni ti igi kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ méjì sójú kan, ẹ sọ àlàfo igi sí igi di 50, kí ẹ fún ojú kọ̀ọ̀kan ní ìdérí méjì. Ẹ jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́, ẹ la ilẹ̀ díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó. Bó bá kan gbòǹgbò ọmọ tuntun, á jó o.

NPK máa ń wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Yúríà dìgbà tí àgbàdo bá kan èèyàn lórúnkún, ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkẹfà, kó tó yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Yúríà tí wọ́n fọ́n sórí ilẹ̀ láìbò, oòrùn ló ń gbé e lọ. Tó bá rùn sí yín bí ìtọ̀ nínú oko lọ́sàn-án, owó yín ló ń lọ sójú ọ̀run yẹn.

Nítorí náà, ẹ̀yin Ìkọ̀lé, ẹ má bèèrè àpò mélòó nìkan. Ẹ bèèrè pé ọjọ́ wo ló máa dé. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà, màá padà sórí ẹ̀.

———

Onígààrí Ọ̀mùò:

Ẹ̀gbọ́n Agíríìkì, ẹ ṣé fún ìṣirò, ṣùgbọ́n mi ò gbà pẹ̀lú yín. Oko kì í parí sórí igi.

Ẹ wo ẹ̀gẹ́. Ẹ̀gẹ́ tí a fà lónìí, bó bá fi di ọjọ́ kẹta tí kò tíì dé ẹnu ẹ̀rọ, ẹ gé e lágbede méjì: ẹ ó rí ìlà tó dà bí aró tó ń sáré yí inú rẹ̀ ká. Ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Gààrí rẹ̀ kò ní funfun, ẹni tó bá sì fẹ́ rà á á já owó rẹ̀ dáadáa. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọ oko, ọ̀kadà ni, ọ̀kadà kò sì lè kó nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń ra ẹ̀gẹ́ mọ èyí. Wọ́n á dúró sí etí títì, wọ́n á ní iye tí wọ́n fẹ́ san nìyí, àgbẹ̀ tí ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti àná kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ajílẹ̀ tó bá mú ẹ̀gẹ́ pọ̀ sí i láìsí ọ̀nà, ẹrù tó máa bàjẹ́ ló fi kún.

Tí wọ́n bá sì fẹ́ ṣe ọ̀nà yẹn, kí wọ́n má ṣe é bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Gírédà á dé, á fá ọ̀nà pẹrẹsẹ, gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Òjò mẹ́ta lẹ́yìn náà, ọ̀nà ti di odò. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: wọ́n fá ilẹ̀ títí ọ̀nà fi lọ sílẹ̀ ju igbó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi tó wà nínú igbó wá ń ṣàn wọ inú ọ̀nà. Àárín ọ̀nà ló yẹ kó ga, bí ẹ̀yìn ìjàpá, kí omi lè yà sọ́tùn-ún àti sósì, kí gọ́tà wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí gọ́tà yẹn sì ní ibi tó máa tú omi sí nínú igbó ní ìwọ̀nba ìwọ̀nba. Gọ́tà gígùn tí kò ní ibi ìtúsí, fúnra rẹ̀ ló ń gbẹ́ ọ̀gbun.

Ní ojú odò, rìǹgì kọnkéré ni wọ́n ń rì. Àṣìṣe ibẹ̀ méjì ni: wọ́n á ra rìǹgì tó kéré ju omi oṣù kẹsàn-án lọ, tàbí wọn kò ní mọ ògiri sí ẹnu rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Omi á máa jẹ ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rìǹgì, títí rìǹgì á fi jókòó láàárín odò bí ẹni tó ń wẹ̀, ọ̀nà á wà lọ́hùn-ún. Ẹ tún fi ti ọkọ̀ gẹdú kún un. Ọkọ̀ gẹdú kan tó kó igi tútù kọjá lẹ́yìn òjò lè ba iṣẹ́ oṣù mẹ́ta jẹ́.

———

Alágbàdo Ìkọ̀lé:

Ọ̀rọ̀ tí ìdajì wa ń sọ gan-an nìyí. Ọ̀kan nínú wọn ní tí a bá fọwọ́ sí i pé a ò gba ajílẹ̀, wọ́n á lè fi owó rẹ̀ ṣe ọ̀nà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

———

Agíríìkì Ọ̀yẹ́:

Rárá o. Àpò kan náà kọ́ ni owó méjèèjì ti ń jáde. Ajílẹ̀ ẹ̀dínwó ní ètò tirẹ̀. Ọ̀nà oko ní tirẹ̀: ní Èkìtì níbí, iṣẹ́ RAAMP tí Báńkì Àgbáyé àti ilé iṣẹ́ ìdàgbàsókè àwọn Faransé lọ́wọ́ sí wà fún ọ̀nà oko àti ọjà ìgbèríko. Bí ẹ bá kọ ajílẹ̀, àwọn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kejì ni wọ́n máa fún, ọ̀nà yín á ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ bèèrè méjèèjì, ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́tà tó ní “ọ̀nà wa kò dára, ẹ gbà wá” kò ju kó sùn sórí tábìlì lọ, gbogbo ìlú ló ń kọ irú rẹ̀. Èyí tí wọ́n lè fi ṣiṣẹ́ ni èyí tó sọ pé láti abúlé báyìí dé ọjà báyìí, kìlómítà mélòó (ọ̀kadà tó ní òǹkà máìlì tó ń ṣiṣẹ́ lè wọ̀n ọ́n), odò mélòó ló gé e, oṣù wo ni ọkọ̀ kò lè kọjá, irú irè wo ló ń jáde níbẹ̀, ọkọ̀ mélòó ń jáde lọ́jọ́ ọjà. Ẹ fi fọ́tò ojú odò kọ̀ọ̀kan sí i. Àwọn tó ń yan ọ̀nà ń fi ọ̀nà wé ọ̀nà ni, ẹni tó bá kó nǹkan tí wọ́n lè kà sílẹ̀ ni wọ́n ń rí.

———

Ará Ọrin:

Ọ̀rọ̀ ìjọba àti àgbẹ̀ ti pẹ́ ní ilẹ̀ yìí. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ayé Awólọ́wọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ oko àgbégbé fún àwọn ọ̀dọ́, bí ọdún 1960 ṣe ń wọlé, wọ́n fojú wo ti Ísírẹ́lì ṣe é. Ọrin-Èkìtì wà lára ibi tó kàn. Ilé, ilẹ̀, irúgbìn, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fún wọn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Iye tó ń ná ìjọba lórí ẹnì kan pọ̀ jù, igi tí wọ́n sì gbìn kì í tètè so. Ọ̀dọ́ tó ń dúró de kòkó fún ọdún mẹ́rin márùn-ún ti rí iṣẹ́ mìíràn nígboro.

Lẹ́yìn náà ni ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀ dé: Operation Feed the Nation ní 1976, Green Revolution ní 1980. Ní 2012 wọ́n ní kí ajílẹ̀ máa gba orí fóònù, nígbà tí Akínwùmí Adésínà jẹ́ mínísítà: àtẹ̀jíṣẹ́ á wọlé, àgbẹ̀ á gbé e lọ síbi ìpín, á san ìdajì owó àpò méjì. Àpò méjì náà nìyẹn o, ẹ rí i. Ohun tó gé ti ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nígbà náà ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àti nọ́ńbà tí kì í ṣe ti àgbẹ̀ fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà ọmọ tó wà ní Èkó ni Bàbá kọ sílẹ̀, ọmọ ti yí láìnì padà, àtẹ̀jíṣẹ́ ń lọ bá ẹlòmíràn.

———

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:

Ará Ọrin ti gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí iṣẹ́ wà. Orúkọ lásán kọ́ ni ìforúkọsílẹ̀.

Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní èèyàn mẹ́wàá lábẹ́ òfin, nítorí náà méjìdínlógún yín tó. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ kọpuretífù, ẹ gba ìwé òfin ẹgbẹ́, ẹ yan alága, akọ̀wé àti akápò, ẹ ṣí àkáǹtì tí ó kéré tán èèyàn méjì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí kí owó tó jáde. Ìwé ìpàdé pọn dandan: ọjọ́, àwọn tó wá, ohun tí a sọ, iye tí a dá. Ẹgbẹ́ tó bá kó ìwé ìpàdé ọdún kan kalẹ̀ yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ lálẹ́ àná nítorí pé ajílẹ̀ ń bọ̀, àwọn tó ń yẹ ìwé wò sì mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíákíá.

NIN àti BVN ló ń lé èèyàn jù. Orúkọ méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu. Mama tó jẹ́ “Fọlákẹ́ Àdùkẹ́” nínú NIN, tó wá jẹ́ “Àdùkẹ́ Fọlá” nílé ìfowópamọ́, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé èèyàn kan náà ni. Ọjọ́ ìbí náà ń dá wàhálà sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sọ oríṣi ọdún méjì níbi méjì. Ẹ ṣàtúnṣe rẹ̀ báyìí, kí ètò tó ṣí. Lọ́jọ́ tí ètò bá ṣí, èrò á ti kún ibẹ̀, àtúnṣe NIN kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ètò CARES ti Fadama ńkọ́, ìrànwọ́ àgbẹ̀ tí Báńkì Àgbáyé lọ́wọ́ sí? (Fadama kì í ṣe nǹkan àjèjì o, àkùrọ̀ ni àwọn Haúsá ń pè bẹ́ẹ̀.) Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀ nípa CARES ni pé ìpínlẹ̀ ló kọ́kọ́ ń náwó, Báńkì Àgbáyé á wá dá a padà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ̀ ẹ́ wò pé ohun tí wọ́n ní àwọn fún àgbẹ̀ dé ọwọ́ àgbẹ̀ lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya fọ́tò yín, tí wọ́n ń gba ìtẹ̀ka, tí wọ́n tún ń padà wá wo oko. Ẹni tó bá gbà á tó wá tà á fún oníṣòwò lójú ọ̀nà, ìpínlẹ̀ ló máa ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo ìlú rẹ̀ á sì jẹ nínú rẹ̀.

Owó fọ́ọ̀mù: bí ẹnikẹ́ni bá ní kẹ́ ẹ san án sínú àkáǹtì ara rẹ̀, gbájúẹ̀ ni. Owó ìforúkọsílẹ̀ kọpuretífù ní rìsíìtì ìjọba.

Ọ̀rọ̀ kan tí inú á fi bí àwọn kan. Ta ló ń ṣe oko ní agbègbè wa gan-an? Àwọn Ìgbìrà àti àwọn Tífù tó ń gba ilẹ̀ san ìṣákọ́lẹ̀ pọ̀ nínú wọn, obìnrin sì pọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe àkùrọ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í sí lórí ìwé torí wọn kò ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ wọn. Ẹ kọ ìwé àdéhùn kékeré láàárín wọn àti olórí ẹbí tó ni ilẹ̀: iye ọdún, iye éékà, ààlà rẹ̀, kí baálẹ̀ fọwọ́ sí i. Wọ́n máa gbà á ní ọ̀pọ̀ ibi.

———

Ẹlẹ́ja Adó:

Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ nìkan lẹ ń jà lé lórí. Ẹja ńkọ́? Ìrànwọ́ ti ẹlẹ́ja burú ju tiyín lọ, torí ọmọ ẹja ni wọ́n fẹ́ràn láti máa pín. Ọmọ ẹja kọ́ ni ìṣòro.

Ẹja àrọ̀ 1,000, tí èèyàn bá fẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan di kílò kan, máa jẹ oúnjẹ kílò 1,000 sí 1,200, bí omi bá dára tí ẹni tó ń bọ́ wọn kò sì fi oúnjẹ ṣòfò. Àpò oúnjẹ tó ń léfòó jẹ́ kílò 15. Ẹ pín in: àpò 67 sí 80. Nínú náírà mẹ́wàá tí ẹlẹ́ja ná, mẹ́fà sí méje ló gba ẹnu ẹja wọlé. Wọ́n á wá fún ẹnì kan ní ọmọ ẹja 1,000 àti àpò oúnjẹ mẹ́wàá. Àpò mẹ́wàá kò lè tọ́ ju 125 sí 150 lọ dé kílò kan!

Ohun tó ń tẹ̀lé e, gbogbo ẹlẹ́ja mọ̀ ọ́n. Oúnjẹ tán ní oṣù kejì, owó kò sí, wọ́n ń ju ohun tí wọ́n bá rí sínú omi. Àwọn tó tóbi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn kékeré mì. Ní oṣù kẹfà, 1,000 ti di 400, ọ̀kan tó apá, ọ̀kan tó ìka, alárobọ̀ dé, ó ní iye kan ni òun máa fi kó gbogbo rẹ̀. Ẹ ju iye ẹja tí oúnjẹ yín gbà sínú omi. Ẹ ta ọmọ ẹja tó kù fún ẹni tó lóúnjẹ, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀, ẹ kàn kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ máa ṣà wọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta síra wọn ní oṣù méjì àkọ́kọ́: ńlá sí kòtò kan, kékeré sí èkejì. Bí wọ́n bá ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀ kùtù, tí omi ń rùn, ẹ dá oúnjẹ dúró, kí ẹ tú omi náà ní ìdá kan nínú mẹ́ta sí ìdajì, kí ẹ da tuntun sí i. Oúnjẹ tó rì sísàlẹ̀ ló ń ba omi jẹ́ jù, nítorí náà oúnjẹ àfọwọ́ṣe tí kò léfòó, ẹ máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró tì wọ́n.

Ohun tó yẹ ká máa bèèrè ni ẹ̀rọ tó ń lọ oúnjẹ ẹja, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ kan, pẹ̀lú àgbàdo àti ẹ̀wà sóyà lẹ́dìínwó. Àwọn tó ń sọ pé kí a lọ máa sin ẹja nínú omi ìdídò Ẹ̀gbẹ́, Èrò àti Ìtàpájì, ẹ rántí pé omi mímu ìlú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn fún.

———

Onígààrí Ọ̀mùò:

Ẹlẹ́ja, ọ̀rọ̀ rẹ àti ti Agíríìkì ọ̀kan náà ni: ìwọ̀n kì í bá iṣẹ́ mu. Mo gba ìyẹn. Ọ̀nà mi kò tíì kúrò nílẹ̀ o.

———

Akápò:

Ẹ jẹ́ kí n bi Alágbàdo ní nǹkan kan: ṣé wọ́n sọ fún yín bóyá ẹ̀bùn ni, ẹ̀dínwó ni, tàbí ẹ̀yáwó? Mẹ́ta lọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Anchor Borrowers tí báńkì àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 jẹ́ ẹ̀yáwó, èlé rẹ̀ 9 nínú 100 lọ́dún níbẹ̀rẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn ni wọ́n ń kó fún àgbẹ̀ dípò owó. Àgbẹ̀ á wá fi irè san án padà fún ilé iṣẹ́ tó bá a ṣàdéhùn. Àwọn kan pè é ní owó gbogbo wa, wọn kò san.

Ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀bi kì í ṣe ti àgbẹ̀. Ajílẹ̀ dé nígbà tí àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n kọ sí orí rẹ̀ ju ti ọjà lọ, nígbà ìkórè owó ọjà wá ga ju iye tí ilé iṣẹ́ fẹ́ san. Ta ló máa gbé e fún ilé iṣẹ́? Ní 2023 báńkì àpapọ̀ ní òun yọ ọwọ́ nínú pípín irú owó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yáwó ni tiyín, ẹ ka ibi tí wọ́n kọ “onídùúró” sí. Nínú ẹgbẹ́, ẹnì kan ń dúró fún ẹnì kejì. Ẹni tí kò bá san, ẹ̀yin yòókù ni.

———

Oníkòkó Ọ̀gọ̀tún:

Nǹkan kan wà tó kan oníkòkó tó sì lè wúlò fún ẹ̀yin alágbàdo: wíwọn oko. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti 2023 ní kòkó tó bá wọ ilẹ̀ wọn kò gbọ́dọ̀ wá láti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2020, ẹni tó bá gbé e wọlé sì gbọ́dọ̀ lè fi oko náà hàn lórí máàpù. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó ti ń rán èèyàn wá. Ẹ̀rù owó-orí ń ba àwọn kan, wọ́n ń lé wọn. Ẹni tí oko rẹ̀ kò bá sí lórí máàpù, owó kòkó rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ já.

Oko tí kò tó hẹ́kítà mẹ́rin, ojú kan péré ni wọ́n ń gbà. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á rìn yí i ká. Abẹ́ igi kòkó dúdú, fóònù kì í mọ ibi tó wà dáadáa, á máa fo síbí fo sọ́hùn-ún. Ẹ wá ibi tí ojú ọ̀run ti yọ, ẹ dúró ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ gba ẹ̀dà tiyín lọ́wọ́ ẹni tó wọ̀n ọ́n.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ níbí: àgbẹ̀ máa ń kọ “éékà márùn-ún” sí fọ́ọ̀mù fún ohun tí kò tó méjì. Pápá bọ́ọ̀lù ńlá kan kò tó éékà méjì, ẹ fi ìyẹn wo tiyín. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá wá wo oko tí ó kù díẹ̀ káàtó, odidi ẹgbẹ́ ló ń jìyà rẹ̀.

———

Alágbàdo Ìkọ̀lé:

Màlúù ńkọ́? Àpò méjì tí màlúù bá jẹ tán…

———

Akọ̀wé Ẹgbẹ́:

Òfin Èkìtì ti 2016 kò gba kí ẹnikẹ́ni da ẹran jẹko lálẹ́, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ sí aago méje àárọ̀, àti ní ibi tí ìjọba kò yàn. Ẹ̀rí ló ń sọ òfin di nǹkan. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ìrì tó gbẹ, ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ àti ìgbẹ́ wọn. Ẹ fi okùn ya ibi tó jẹ́ mítà mẹ́wàá ní ìbú, mẹ́wàá ní gígùn. Ní àlàfo 75 sí 25, igi 530 ó lé díẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ ka èyí tó kù. Ẹ ṣe é níbi mẹ́ta. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn wá kọ ìdíyelé rẹ̀ kí ẹ tó ro oko tàbí tún un gbìn, kí ẹ sì fi tó Àmọ̀tẹ́kùn àti ọlọ́pàá létí. Ẹni tó bá ti tún un gbìn ti pa ẹ̀rí rẹ̀. Adójútòfò NAIC, ti ìjọba àpapọ̀ fún àgbẹ̀, náà wà, ìjọba ń san ìdajì owó rẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ irè.

———

Agíríìkì Ọ̀yẹ́:

Mo ní màá padà. Ọjọ́ tó máa dé.

Àgbàdo àkọ́rọ̀ wa, ìparí oṣù kẹta wọ oṣù kẹrin la ń gbìn ín. Kí ajílẹ̀ tó wúlò fún un, ó yẹ kó ti wà nílẹ̀ ní àárín oṣù kẹta. Bó bá dé ní oṣù kẹfà, àgbàdo ti yọ ìrùkẹ̀rẹ̀, ẹ má dà á sí i. Inú máa ń dun àwọn èèyàn láti dà á sí i náà, kí ó má bàa jẹ́ pé wọ́n gbà á lásán. Ẹ pa á mọ́ de àgbàdo àrọ̀kúrò, èyí tí à ń gbìn láti àárín oṣù kẹjọ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, tàbí kẹ́ ẹ fún ẹ̀gẹ́ tó ti lo oṣù méjì sí mẹ́ta ní NPK rẹ̀.

Pípa mọ́: ẹ to pákó sílẹ̀, ẹ gbé e lé e, kó má kan ilẹ̀, kó má kan ògiri. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá yúríà. Ọ̀rá inú àpò kò gbọ́dọ̀ ya. Ẹ má tò ó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú irúgbìn tàbí oúnjẹ.

Kí ẹ tó fọwọ́ sí i pé ẹ gbà á, ẹ gbé àpò kan lé òṣùwọ̀n. Ẹ wo ẹnu rírán rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rán. Fún yúríà, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú ìgò omi tó mọ́, ẹ mì í: yúríà gidi á yọ́ tán, ìgò náà á sì tutù lọ́wọ́ yín bí ẹni pé ó ti inú fíríìjì jáde. Bí yanrìn bá kù nísàlẹ̀, ẹ mọ ohun tí wọ́n tà fún yín. Ẹ má fi NPK ṣe irú ìdánwò yìí o, ti gidi náà lè ṣẹ́ ìdọ̀tí sílẹ̀.

Irúgbìn: ẹ ka ọgọ́rùn-ún, ẹ wé e sínú aṣọ tútù, ẹ máa wọ́n omi sí i. Ní ọjọ́ karùn-ún, bí èyí tó hù kò bá tó 85, ẹ fi ọkà méjì sójú kan níbi tí ẹ bá fẹ́ fi ẹyọ kan. Èyí tó bá ní àwọ̀ pupa, oògùn ló wà lára rẹ̀, kì í ṣe jíjẹ, adìẹ pàápàá kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án.

———

Alágbàdo Ìkọ̀lé:

Ẹ ṣé gan-an. A máa forúkọ sílẹ̀. Kí ló yẹ ká kọ sínú lẹ́tà?

———

Onígààrí Ọ̀mùò:

Lẹ́tà méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Nínú ti ọ̀nà, ẹ ní oṣù kìíní tàbí oṣù kejì ni kí gírédà wá, torí ọ̀nà tí wọ́n ṣe sínú òjò kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ le. Ẹ sọ pé ẹgbẹ́ yín fúnra rẹ̀ á máa kó ẹrẹ̀ kúrò nínú gọ́tà kí àkọ́rọ̀ tó dé, kí ẹ sì ṣe é lóòótọ́.

———

Agíríìkì Ọ̀yẹ́:

Nínú ti ajílẹ̀, ẹ kọ éékà tí ẹ wọ̀n, kì í ṣe èyí tí ẹ rò. Ẹ ní àárín oṣù kẹta ni ẹ fẹ́ ẹ, àti pé bí kò bá lè dé ṣáájú oṣù karùn-ún, kí wọ́n gbé e wá ní oṣù keje fún ti àrọ̀kúrò. Ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì. Ẹ̀dà kan á dúró sọ́dọ̀ wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èkejì kí ẹ tó kúrò níwájú wọn.